Ẹ ti ń sanwó tíṣà jìtá, ẹ ò tíì lè ta orin kan tán? Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn rèé: wọ́n á ra jìtá, wọ́n á wá tíṣà, wọ́n á máa sanwó lóṣooṣù, oṣù mẹ́ta á kọjá, wọ́n á ti mọ kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí wọ́n ń ta pa pọ̀) bíi mẹ́wàá, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n ta orin kan ṣoṣo látìbẹ̀rẹ̀ dópin kí èèyàn máa kọ ọ́ tẹ̀lé wọn, wàhálà dé. Èmi náà jẹ níbẹ̀. Níbi ìkómọ ọmọ àbúrò mi ní Àpáta n'Ìbàdàn, wọ́n gbé jìtá lé mi lọ́wọ́, mo ta kọ́ọ̀dù G, ó dùn, gbogbo wọn hó yèè, mo wá fẹ́ bọ́ sí C, ìka mi ń táràrà bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, kí n tó débẹ̀ àwọn tó ń kọrin ti parí ẹsẹ yẹn wọ́n ti bọ́ sí òmíì. Ìyá ọmọ ní "bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ wá jẹun."

Kì í ṣe kọ́ọ̀dù ni mi ò mọ̀. Bí mo ṣe máa kúrò nínú kọ́ọ̀dù kan bọ́ sínú èkejì lásìkò ni mi ò mọ̀, tíṣà ò sì fi kọ́ mi torí mi ò béèrè, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ti dé èmi ni mo máa ń ní kó fún mi ní kọ́ọ̀dù tuntun.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó sílẹ̀ ná

Jìtá onígi tí ò nílò iná ni kẹ́ ẹ rà. Tẹ́ ẹ bá ra oníná, ọjọ́ tẹ́ ẹ ráyè jókòó tì í gan-an ni wọ́n máa mú iná lọ.

Okùn rẹ̀ lè jẹ́ irin, ó lè jẹ́ náílọ́nù. Náílọ́nù ò ní fi bẹ́ẹ̀ dun ìka, irin ló máa dún bí èyí tẹ́ ẹ ń gbọ́ nínú orin tó ń jáde báyìí. Èyí tó bá wù yín ni, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò gbọdọ̀ fi okùn irin sórí jìtá tí wọ́n ṣe fún náílọ́nù. Okùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa pọ̀ máa ń fa igi jìtá pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi 70 kílò, ti náílọ́nù ò ju bíi 40 lọ. Mo ṣe é rí o. Mo ní irin ló máa dún dáadáa, mo pààrọ̀ ẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kẹta a jókòó sí pálọ̀ la gbọ́ gbàù! Igi kékeré tó di àwọn okùn mú lára jìtá ti já, ó ti lọ lu ògiri. Bí jìtá àkọ́kọ́ ṣe lọ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, yálà ní Dùgbẹ̀ ni o tàbí ibòmíì, ẹ má kàn wo àwọ̀ tó ń dán. Ẹ ka fírẹ́ẹ̀tì (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá) láti ibi orí jìtá dé 12, ẹ yọ káàdì ATM yín jáde, ẹ ya méjì lọ́wọ́ ẹni tó bá tẹ̀ lé yín kó pé mẹ́ta, ẹ tò wọ́n léra, ẹ kì wọ́n sábẹ́ okùn tó nípọn jù níbẹ̀. Mẹ́ta léra jẹ́ bíi mílímítà 2.3. Tó bá jẹ́ okùn irin tí káàdì mẹ́ta sì wọlé ṣe wẹ́kú, ó dáa. Tí káàdì márùn-ún bá ṣì ń wọlé fàlàlà, okùn yẹn ga jù, ìka yín á bó, ẹ sì máa rò pé ẹ ò lẹ́bùn ni, nígbà tó jẹ́ pé jìtá ló ya ọ̀dájú. Ti náílọ́nù máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kò burú.

Yàtọ̀ sí jìtá: píìkì (ike kékeré tá a fi ń gbá okùn) méjì tó fẹ́lẹ́ (wọ́n máa ń sọ nù bí abẹ́rẹ́), kápò kan (ohun tá a fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn jìtá kí ohùn lè ga sí i), okùn àpòjù pàápàá okùn 1, èyí tó tín-ín-rín jù, torí òun ló máa ń tètè já, báàgì tó ní fóòmù nínú, áàpù tíúnà lórí fóònù (òun ló ń sọ bóyá ohùn okùn wà níbi tó yẹ), ìwé kékeré kan. Àti ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá tíṣà tó máa lè sọ fún yín pé ẹ ò tíì ta á dáadáa

Tíṣà pọ̀ n'Ìbàdàn. Àwọn tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wà, àwọn tó ka Music Technology ní Pólì Ìbàdàn wà, àwọn ọmọ Àgbówó tó ń fi lésìn gbọ́ bùkátà wà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta lè má mọ̀ ọ́n kọ́ o. Mo ti rí ẹni tí ìka ẹ̀ ń sáré bí ìjàǹbá tó jẹ́ pé gbogbo lésìn ọ̀hún ni kó máa ta á fún yín kẹ́ ẹ máa wò ó. Ìyẹn kì í ṣe lésìn, eré ni, a ò sì gbọdọ̀ sanwó eré lóṣooṣù.

Ẹ ní kó ṣe kíláàsì ẹyọ kan fún yín, kẹ́ ẹ sanwó ẹyọ kan yẹn. Ẹ mú orin kan tẹ́ ẹ nífẹ̀ẹ́ sí dání lórí fóònù. Ẹ máa wo nǹkan méjì: àkọ́kọ́, ta ló di jìtá mú jù nínú wákàtí yẹn, ẹ̀yin àbí òun? Ìkejì, ṣé ó wo ọwọ́ yín? Tíṣà tó dáa máa sún mọ́ yín, á ní "ẹ gbé ìka yín nàró díẹ̀", á ní "èjìká yín ti le jù". Èyí tó bá ń tẹ Wọ́sáàpù nígbà tẹ́ ẹ ń ta kọ́ọ̀dù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

Ibi tí àwa Yorùbá ti máa ń ṣì í gan-an rèé. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti lé lógójì ọdún, tí tíṣà yín jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, á máa pè yín ní "mà" tàbí "dádì", ojú á máa tì í láti bá yín wí. Ẹ máa ta ìdọ̀tí, á ní "ẹ̀ ń gbìyànjú, sà". Oṣù mẹ́ta, ẹ̀ ń gbìyànjú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti la ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀: "Wò ó, lórí nǹkan yìí ìwọ lẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kó o dá mi dúró níbikíbi tí mo bá ti ṣì í." Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbà á gbọ́, ẹ tún un sọ nígbà tó bá kọ́kọ́ bá yín wí, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́. Tó bá sì jẹ́ tíṣà ló dàgbà jù yín lọ, òdìkejì ni wàhálà yín, ẹ̀rù á máa bà yín láti sọ pé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ò yé yín. Ẹ ṣáà sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ẹ bá mi rọra tún un ta."

Ẹ sọ̀rọ̀ owó tán pátápátá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìgbà mélòó lóṣù, ìṣẹ́jú mélòó, tí òjò bá dá a dúró tàbí tí gosíló Ìwó Road bá mú un ńkọ́, ṣé á kọ́ yín padà lọ́jọ́ míì ni àbí kíláàsì yẹn ti lọ? Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a, ẹ fi owó ọkọ̀ kún un, torí tẹ́ ẹ bá gbé jìtá wọ Micra tí wọ́n fún èèyàn mẹ́rin pọ̀ sẹ́yìn, dírẹ́bà lè ní kẹ́ ẹ sanwó ẹni kejì, lóòótọ́ ibẹ̀ ò sì gba jìtá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn kíláàsì àkọ́kọ́, ẹ gbìyànjú láti sọ nǹkan kan pàtó tí tíṣà tún ṣe lára ọwọ́ yín. Tẹ́ ò bá rí ẹyọ kan sọ, ẹ wá ẹlòmíì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tíún un lójoojúmọ́, kì í ṣe ọjọ́ lésìn nìkan

Okùn tó nípọn jù, tó wà lókè lọ́dọ̀ àgbọ̀n yín, ni okùn 6, èyí tó tín-ín-rín jù nísàlẹ̀ ni okùn 1. Láti òkè wá sísàlẹ̀ wọ́n jẹ́ E, A, D, G, B, E. Tíṣà mi ní kí n fi gbólóhùn kan rántí ẹ̀: Ẹ̀bà Àti Dòdò Gbọ́dọ̀ Bá Ẹ̀fọ́. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú dòdò, ìdí tí ò ṣe kúrò lórí mi nìyẹn.

Àwọn áàpù kan máa ń fi nọ́ńbà hàn (iye ìgbà tí okùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan): okùn 6 bíi 82, okùn 5 jẹ́ 110, okùn 4 bíi 147, okùn 3 jẹ́ 196, okùn 2 bíi 247, okùn 1 bíi 330. Ẹ máa wo lẹ́tà, ẹ máa wo nọ́ńbà náà.

Ibi tí wọ́n ti ń já okùn: wọ́n á ta okùn 2, ọwọ́ wọn á wà lára kọ́kọ́rọ́ okùn 1 (ohun tá a ń yí lórí jìtá láti fi fa okùn), wọ́n á máa yí i, áàpù ò ní mira, wọ́n á tún máa yí i, ó di pàù! Ẹ fi ìka tọ okùn tẹ́ ẹ ń ta dé ibi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun. Tó bá sì kọjá ibi tó yẹ, ẹ dẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kọjá ibẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fà á gòkè padà, ìyẹn ló máa jẹ́ kó dúró. Lásìkò ọyẹ́ igi máa ń gbẹ, ohùn á máa yí lójoojúmọ́, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú báàgì, kẹ́ ẹ má sì fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ tẹ okùn 6 ní fírẹ́ẹ̀tì 5, ẹ ta á, kẹ́ ẹ ta okùn 5 láìtẹ̀ ẹ́. Ohùn kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ní.

Ìgbésẹ̀ 3: Kọ́ọ̀dù mẹ́rin, ìka kan tí kì í kúrò níbì kan

Ẹ sọ fún tíṣà pé mẹ́rin péré lẹ fẹ́ fún oṣù àkọ́kọ́: G, D, Em (E máínọ̀) àti C. Orin tó wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kò lóǹkà. Ìka ìfábẹ̀lá ni ìka 1, ti àárín ni 2, ti òrùka ni 3, ọmọńdinrín ni 4. Ẹ gé èékánná ọwọ́ òsì (ẹ̀yin sísítà tẹ́ ẹ fi èékánná oge, ẹ máa bínú, ọwọ́ òsì ò lè ní in).

G: ìka 2 lórí okùn 6 fírẹ́ẹ̀tì 3, ìka 1 lórí okùn 5 fírẹ́ẹ̀tì 2, ìka 3 lórí okùn 2 fírẹ́ẹ̀tì 3, ìka 4 lórí okùn 1 fírẹ́ẹ̀tì 3.

C: ìka 3 àti 4 ò mira. Ìka 2 àti ìka 1 kàn sún sórí okùn tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, fírẹ́ẹ̀tì kan náà. Ó tán. Ẹ má ta okùn 6.

Em: ìka 3 àti 4 ṣì wà níbẹ̀. Ìka 1 lórí okùn 5 fírẹ́ẹ̀tì 2, ìka 2 lórí okùn 4 fírẹ́ẹ̀tì 2.

D: ìka 3 ṣì wà níbẹ̀. Ìka 1 lórí okùn 3 fírẹ́ẹ̀tì 2, ìka 2 lórí okùn 1 fírẹ́ẹ̀tì 2, ìka 4 á dìde. Ẹ má ta okùn 6 àti 5.

Ṣé ẹ rí i pé ìka 3 ò kúrò lórí okùn 2 fírẹ́ẹ̀tì 3 rárá? Òun ni òpó, àwọn yòókù ló ń jó yí i ká. Orúkọ tí wọ́n ń pe C àti Em tá a ṣe báyìí ni Cadd9 àti Em7, tí tíṣà bá fẹ́ bá yín jiyàn. Tíṣà tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì wá lè máa pè wọ́n ní nọ́ńbà: tí dó bá wà lórí G, G ni 1, C ni 4, D ni 5, Em ni 6. Ẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bá àwọn yòókù ṣeré, wọ́n á kàn na ìka mẹ́rin sókè sí yín ni, wọn ò ní pariwo C.

Ẹ tẹ okùn lẹ́yìn irin fírẹ́ẹ̀tì, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ẹ má gùn ún lórí. Tẹ́ ẹ bá jìnnà sí i, agbára tẹ́ ẹ máa lò á di ìlọ́po, ohùn á sì máa dún zzz. Ìka á dùn yín fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà orí ìka á le.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ di kọ́ọ̀dù mú, ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá dún "tọ́" bí ẹni kan ìlẹ̀kùn, ìka míì ló fara kàn án. Ẹ gbé orí ìka yẹn nàró.

Ìgbésẹ̀ 4: Bíbọ́ láti kọ́ọ̀dù kan sí èkejì (ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Orin tó ń lọ ní bíìtì 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, tó jẹ́ pé kọ́ọ̀dù kan ń gba bíìtì mẹ́rin, ìgbà 25 lẹ máa pààrọ̀ kọ́ọ̀dù láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ̀ ń lé. Ọjọ́ tí mo lọ ìkómọ yẹn, mo ka tèmi nígbà tí mo délé: 9.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ ṣí aago fóònù yín sí ìṣẹ́jú kan. Ẹ mú kọ́ọ̀dù méjì péré, ká ní G àti C. Ẹ ta G lẹ́ẹ̀kan, ẹ bọ́ sí C ẹ ta á lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà, ẹ máa kà á. Tí aago bá dún, ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé. Lẹ́yìn náà G àti D, lẹ́yìn náà D àti Em, lẹ́yìn náà Em àti C. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré nìyẹn, ẹ lè ṣe é kí omi àmàlà tó hó. Lójoojúmọ́ ni o, kì í ṣe wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé.

Ìkìlọ̀: èyí tó bá dún ìdọ̀tí ẹ má kà á. Èèyàn máa ń tan ara ẹ̀ jẹ níbi yìí, á ní òun ti dé 40 nígbà tó jẹ́ pé ìlàjì ẹ̀ ń dún bí agolo. Ìkìlọ̀ kejì: tí ìka bá fẹ́ lọ sí kọ́ọ̀dù tuntun, ẹ má gbé wọn jìnnà sí okùn. Èmi máa ń ṣí gbogbo ọwọ́ mi sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbá ẹ̀fọn, tíṣà wá fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe òrùlé lé ìka mi lórí, ó ní tí ìka mi bá ti kan òun, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bí mi nínú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lọ́sẹ̀ méjì, 9 di 22.

Ohun tí wákàtí tíṣà wà fún gan-an nìyí. Ẹ gbé ìwé nọ́ńbà yín fún un tó bá ti dé, ẹ ní "G sí D ló ń yọ mí lẹ́nu, ẹ wo ọwọ́ mi". Ẹ jẹ́ kó fi fóònù yín ya fídíò ọwọ́ yín, kó sì ya ti ẹ̀ náà níbi tó ti ń rọra ṣe é, ìyẹn lẹ máa wò títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po, kò jẹ dátà kankan. Tó bá fẹ́ fún yín ní kọ́ọ̀dù tuntun nígbà tí nọ́ńbà yín ṣì wà ní 15, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ẹ fẹ́ dúró síbẹ̀ ná.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* 30 tó mọ́ tónítóní láàárín ìṣẹ́jú kan (kó lé díẹ̀ lórí 25 tá a ṣírò) fún kọ́ọ̀dù méjì-méjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò tíì pé? Ẹ má tíì lọ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọwọ́ ọ̀tún

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo gbogbo okùn kó má dún, ọwọ́ ọ̀tún nìkan la fẹ́. Ẹ máa kà á: "ọ̀kan àti èjì àti ẹ̀ta àti ẹ̀rin àti". Lórí nọ́ńbà, ọwọ́ ń lọ sísàlẹ̀, lórí "àti", ọwọ́ ń bọ̀ lókè, bí ẹni ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Kò gbọ́dọ̀ dúró.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gbá a: sísàlẹ̀ lórí ọ̀kan, sísàlẹ̀ lórí èjì, sókè lórí "àti" ẹ̀, lórí ẹ̀ta ọwọ́ á sọ̀kalẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní kan okùn, sókè lórí "àti" ẹ̀, sísàlẹ̀ lórí ẹ̀rin, sókè lórí "àti" ẹ̀.

Lórí ẹ̀ta yẹn ni gbogbo èèyàn ti ń ṣubú. Torí pé kò sí ohùn níbẹ̀, wọ́n á dá ọwọ́ dúró, bó sì ṣe dúró, bíìtì ti lọ. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọjá níwájú okùn lófìfo ni. Tó bá ń ṣòro, ẹ rọra ṣe é ní bíìtì 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbá a fún ìṣẹ́jú méjì kẹ́ ẹ máa bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ dá a lóhùn ohun tó bá béèrè. Tí ọwọ́ ò bá dúró, ó ti wọ ara.

Ìgbésẹ̀ 6: Orin kan, títí dópin

Ẹ yan orin tẹ́ ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí. Ẹ ní kí tíṣà wo àwọn kọ́ọ̀dù ẹ̀ kó mú un wá sórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa. Tó bá lọlẹ̀ jù fún ohùn yín, iṣẹ́ kápò nìyẹn: ní fírẹ́ẹ̀tì 2, G tẹ́ ẹ dì mú á máa dún bí A, ní fírẹ́ẹ̀tì 3, á di B fláàtì. Ìka ò yí padà. Ẹ gbé kápò sẹ́yìn irin fírẹ́ẹ̀tì gan-an, kẹ́ ẹ tún tíún un wò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbé e sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní gbígbá ẹyọ kan fún kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lórí "ọ̀kan", kẹ́ ẹ máa kọrin. Tí ìyẹn bá ti rìn, kẹ́ ẹ wá fi gbígbá tòótọ́ sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù níbi yìí ni kéèyàn ṣì í kó padà lọ tún un ṣe. Àwọn tó ń kọrin ò ní dúró dè yín. Tẹ́ ẹ bá pàdánù C, ẹ jẹ́ kó lọ, ọwọ́ ọ̀tún ń bá ìrìn ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ pàdé wọn ní G tó ń bọ̀. Ẹ ní kí tíṣà máa kọrin láìdúró kẹ́ ẹ máa ta á, kó má ṣàánú yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ pe ẹnì kan nínú ilé tí kò mọ nǹkan kan nípa jìtá, kó kọ orin yẹn látòkè délẹ̀ kẹ́ ẹ máa ta á. Tí kò bá bojú wo yín láàárín orin, ó ti jọ. Orin kejì tẹ́ ẹ máa mú, kọ́ọ̀dù mẹ́rin yìí náà ni kó wà nínú ẹ̀, ìkẹta náà bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀dù F tí gbogbo èèyàn ń sá fún yẹn, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá ti ní orin mẹ́ta lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí tíṣà dárúkọ ẹ̀.